Gìrì Tí Kì Í Pariwo: Bí Ọpọlọ Ọmọ Ọwọ́ Ṣe Ń Dàgbà àti Ìdí Tí Iná Fi Ń Tètè Ràn Nínú Rẹ̀

Ìyá àgbà kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kubwa láti bá ọmọ wọn obìnrin tọ́jú ìkókó. Ọmọ náà ti pé oṣù márùn-ún lọ́jọ́ tí mo rí wọn ní kílíníìkì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tó ti pẹ́ lọ́rùn wọn ni wọ́n bá wá. Bí mo ṣe ń kọ nǹkan sínú káàdì ọmọ, Màmá fi ayọ̀ sọ fún mi pé ọmọ yìí ti mọ ìkíni. "Nọ́ọ̀sì, ẹ máa wò ó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Á tẹ orí ba, á ká ara kò, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Bí Alhaji tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ṣe máa ń ṣe sàláámù gẹ́lẹ́ ni." Ìyá ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léraléra, á wá bú sẹ́kún.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Màmá ló dáhùn: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi rò pé eyín ló fẹ́ hù."

Wárápá ni, ó sì wà lára èyí tó burú jù tó lè mú ọmọ ọwọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé ní Àbújá yìí. Gìrì tó ń pariwo ni mo rí tí àwa Yorùbá ń bẹ̀rù. Ọmọ gan, ojú yí sókè, itọ́ ń hó lẹ́nu, gbogbo ilé figbe ta, ẹnìkan ń wá ṣíbí, ẹnìkan ń gún àlùbọ́sà. Èyí tó dákẹ́, tó jọ eré tàbí oorun, ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ èyí tó pariwo sábà máa ń lọ láìfi àpá sílẹ̀, èyí tó dákẹ́ ló máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń di kíkọ́, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ọpọlọ ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, iná tó kéré gan-an. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hans Berger ló kọ́kọ́ gba iná yìí sílẹ̀ láti orí ènìyàn ní 1924, láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ EEG sì ti wá, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ orí ọmọ. Ẹ ronú ọjà Wúsè ní ọ̀sán Sátidé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń sọ tirẹ̀, ọjà sì ń ná. Ká ní gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ lójijì, tí wọ́n ń ké ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, ta ló máa rí nǹkan rà? Gìrì ni ohun tí ojú wa ń rí nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá pa ohùn pọ̀ báyẹn. Ibà lè fà á, ṣúgà ara tó lọ sílẹ̀ lè fà á, àrùn tó wọ inú ọpọlọ lè fà á. Wárápá ni ìgbà tí gìrì bá ń wá fúnra rẹ̀, tó sì ń padà wá, láìsí àìsàn ojú ẹsẹ̀ kankan tó pè é. Nítorí náà ọmọ tí gìrì mú lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ẹni tó ní wárápá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀.

Bíréèkì ló ń kẹ́yìn dé

Ọpọlọ ọmọ kì í ṣe ọpọlọ àgbà tí wọ́n sọ di kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò tó ìdajì kílò. Kó tó pé ọdún kan, á ti sún mọ́ kílò kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi kílò 1.3 sí 1.4 ni ti àgbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ. Ohun tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìbí ni oríkèé, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń bá èkejì pàdé. Peter Huttenlocher, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Chicago, fi sùúrù ka àwọn oríkèé yìí lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ní 1979 ó fi hàn pé iwájú ọpọlọ ọmọ ọdún kan sí méjì ní oríkèé tó fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti àgbà lọ. Ní apá tó ń rí sí ìríran, nǹkan bí oṣù kẹjọ ni tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tí kò wúlò, bí àgbẹ̀ ṣe ń yọ àgbàdo tó hù fún ara wọn jù.

Oríkèé wọ̀nyí kì í fọwọ́ kan ara wọn. Kẹ́míkà ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì. Oríṣi ìránṣẹ́ méjì ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan ń wí pé "dìde", glutamate ni wọ́n ń pè é. Èkejì ń wí pé "jókòó", GABA ni tirẹ̀, òun ni bíréèkì ọpọlọ. Nínú ọpọlọ àgbà, àwọn méjèèjì ń ká ara wọn lọ́wọ́ kò. Nínú ọpọlọ ọmọ, "dìde" ti gba iṣẹ́, ó ti ń rìn káàkiri ilé, "jókòó" ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Oríkèé tí iná kò gbà kọjá kì í pẹ́ tí ọpọlọ fi ń gé e dànù, torí náà ọmọ nílò iná tó pọ̀ kó tó lè kọ́ nǹkan. Ọmọ tí a bí ní Mararaba ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, Haúsá lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹ̀wà, Gbagyi láti ẹ̀yìnkùlé, Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, á ti máa fi wọ́n dáhùn, kálukú ní èdè tirẹ̀. Àgbà tó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún ṣì ń pe "ina kwana" bí ẹni ń ka á nínú ìwé. Ohun tó jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ tètè gba ẹ̀kọ́ náà ló jẹ́ kí iná tètè ràn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìgbà kankan láyé ènìyàn tí gìrì rọrùn láti mú un tó oṣù àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1989, Yehezkel Ben-Ari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kéde ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ọmọ eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé: nígbà tí ìránṣẹ́ "jókòó" dé, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì fò dìde. Ẹ fojú inú wo ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní oríta AYA, tó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú pé kí ọkọ̀ dúró, tí gbogbo awakọ̀ sì rò pé ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ohun tó fà á ni chloride, ọ̀kan nínú èròjà méjì tó di iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Iṣẹ́ GABA kò ju kó ṣí ilẹ̀kùn fún chloride. Nínú ọpọlọ àgbà, chloride inú ilé kò tó nǹkan, tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti ìta á wọlé, sẹ́ẹ̀lì á fara balẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ìkókó, chloride ti kún inú ilé tẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n á rọ́ jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì ta gìrì. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì á ní ohun tí yóò máa fa chloride yẹn jáde, ọwọ́ ọlọ́pàá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ "dúró" lóòótọ́. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ káàkiri. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ máa ń ṣáájú òkè rẹ̀.

Ohun tí dókítà ń wò nìyí tó bá fún ìkókó ní phenobarbital, tí ara ọmọ dákẹ́, tó tún ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ EEG wá. "Jókòó" ni oògùn yẹn ń ràn lọ́wọ́. Ó lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sinmi, kí òkè ọpọlọ sì ṣì máa jó. Síbẹ̀ òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká kọ́kọ́ fún ìkókó. Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun máa ń pè pé oògùn àtijọ́ ni, pé levetiracetam ni kí á lò. Wọ́n ti fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2020, phenobarbital dá gìrì dúró fún ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìkókó tó gbà á, levetiracetam fún ìdá 28.

Ti ìkókó kì í dún

Wáyà iná tó wà nílé yín ní rọ́bà lára. Àwọn okùn tó ń gbé iná nínú ọpọlọ náà nílò ìbora bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń bò wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti inú oyún títí ènìyàn á fi lé ní ogún ọdún. Púpọ̀ nínú ti ìkókó ṣì wà ní ìhòòhò. Iná gìrì tó bẹ̀rẹ̀ ní apá kan kò rí ọ̀nà tó já gaara dé apá kejì, kò sì lè mú kí gbogbo ara gan papọ̀ bíi ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun tí ẹ máa rí ni ojú tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan tó dúró síbẹ̀. Tàbí ẹnu tó ń mu nígbà tí kò sí ọmú nítòsí. Tàbí ẹsẹ̀ tó ń yí bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Tàbí kí ọmọ gbàgbé èémí fún ìgbà díẹ̀, kí ètè rẹ̀ dúdú, kó tún padà. Nígbà mìíràn ẹ kò ní rí ohunkóhun rárá, ẹ̀rọ nìkan ló máa rí i.

Ìkókó tó gbọ̀n lásán ńkọ́? Wọ́n pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ rọra mú apá tó ń gbọ̀n náà. Tó bá dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, ó sábà máa ń jẹ́ gbígbọ̀n lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Tí apá náà bá ṣì ń fà lábẹ́ ọwọ́ yín, tí ojú sì yí, gìrì ni. Èyí tó ń fò nínú oorun nìkan, tó ń dáwọ́ dúró gbàrà tó bá jí, kì í ṣe wàhálà.

Púpọ̀ jù nínú gìrì ìkókó kì í ṣe wárápá. Ìránṣẹ́ ni, ó ń jẹ́ iṣẹ́ ohun mìíràn. Ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, tí atẹ́gùn kò dé ọpọlọ rẹ̀ tó, gìrì tirẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò rí ọmú mu dáadáa, ṣúgà rẹ̀ á já wálẹ̀. Àrùn lè gba ibi ìwọ́ wọlé. Ibà pọ́njú tí wọ́n fi oòrùn àárọ̀ tọ́jú lọ títí, tí wọn kò gbé ọmọ wá sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, lè dé inú ọpọlọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe é tún ṣe. Èyí ló jẹ́ kí n máa pariwo káfúrà roboto tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ wa tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn pọ̀, àwọn ọkùnrin pàápàá, òórùn káfúrà yẹn sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn kí ibà pọ́njú tó le bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá aṣọ ọmọ sóòrùn, ẹ lọ̀ ọ́, ó ti tó.

Àwọn kan wà tó ṣọ̀wọ́n tí mo fẹ́ràn láti sọ fún àwọn òbí. Àwọn ìkókó kan wà tí fítámì B6 nìkan ló lè dá gìrì wọn dúró, oògùn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó ń ran ìdílé, tí a sì ń rí i tó lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ìdàgbàsókè ọpọlọ náà ló wò wọ́n sàn. Bíréèkì kékeré tí wọ́n bí wọn láìní ni àwọn ìkókó yòókù ń lò kí bíréèkì ńlá tó dé, nígbà tí ti GABA sì dé tán, ọ̀ràn parí.

Sàláámù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọmọ Kubwa. Ní 1841, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William James West, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet. Ọmọ tirẹ̀ gan-an ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kò ju oṣù mẹ́rin lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba, tó ń ká ara kò, tó ń dìde, tó tún ń tẹ̀ ba, léraléra. Bàbá rẹ̀ lẹ eṣúṣú mọ́ ọn lórí, ó fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, ó la èrìgì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà bóyá eyín ló ń dà á láàmú. Kò sí èyí tó ṣe é. Ó gbé ọmọ lọ bá ọ̀gá kan ní London, Sir Charles Clarke, ẹni tó ti rí irú rẹ̀ mẹ́rin rí. Orúkọ tí ọ̀gá yẹn fún un ni gìrì sàláámù. Mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ yẹn pé ohun tí wọ́n fojú rí ní Kubwa ni àwọn dókítà London náà fojú rí, pé àṣìmọ̀ wọn kì í ṣe ti àìgbọ́n.

Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan ni gìrì yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àwọn oríkèé tí Huttenlocher kà: ìgbà yẹn gan-an ni òkè ọpọlọ ń fi gbogbo agbára so ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ìpalára èyíkéyìí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ti ọmọ tí kò tètè ké, tàbí àbùkù tó ti inú oyún wá, lè fara pa mọ́ fún oṣù mélòó kan kó tó jáde, torí ẹ̀ka ọpọlọ tí yóò fi jáde kò tíì sí. Ìyẹn ló ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Wọ́n á ní, "Ṣebí ara rẹ̀ ti yá láti ìgbà ìbí?"

Ohun tó le jù nínú rẹ̀ kì í ṣe títẹríba yẹn. Tí ẹ bá fi EEG sí orí ọmọ náà nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wo ògiri, ẹ máa rí ìgbì tó ga bí òkè tó ń ya lu ara wọn, kò sí èyí tó mọ ti ẹnìkejì. Ọjà Wúsè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò ná mọ́ lọ́sàn-án, kò ná mọ́ lóru. Ọpọlọ tó yẹ kó máa kọ́ ojú ìyá, ohùn bàbá, bí a ṣe ń na ọwọ́ mú nǹkan, kò ráyè. Ẹ̀rín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe béèrè ẹ̀rín.

Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni koríko kì í hù sí. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń yan èyí tí yóò fi sílẹ̀ àti èyí tí yóò gé nìyẹn: ibi tí iná bá ń gbà ló ń di títì. Tí gìrì bá wá ń tẹ ọ̀nà òdì lójoojúmọ́ ní oṣù tí títì ń di títì, ọ̀nà òdì yẹn náà á di títì. Gìrì kúkúrú kan ṣoṣo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, mi ò sì fẹ́ dẹ́rù bani láìnídìí. Ohun tó fa gìrì ló sábà máa ń sọ ibi tí ọmọ máa dé ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ti sàláámù yìí, kíkíá ni. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń dín ohun tí oògùn lè gbà padà kù. Oògùn wà: abẹ́rẹ́ ACTH, vigabatrin, àti prednisolone tí ọ̀pọ̀ ilé oògùn ní. Dókítà nìkan ló lè mọ ìwọ̀n wọn, torí wọ́n lágbára.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Gbogbo ìkókó ló máa ń ta, tí ilẹ̀kùn bá gbá gìà. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ariwo ló fà á, kì í sì í pẹ́ kọjá oṣù mẹ́fà. Inú rírun máa ń mú ọmọ ká ara kò pẹ̀lú ẹkún, á sì máa yí kiri. Sàláámù máa ń wá fúnra rẹ̀, ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló fẹ́ràn jù, ó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ ya fídíò rẹ̀ sórí fóònù. Fídíò ìṣẹ́jú méjì ti sọ ohun tí wákàtí kan kò lè sọ fún dókítà, torí ọmọ kì í ṣe é ní iwájú wa.

Èyí tó ń pariwo

Gìrì ibà máa ń mú ọmọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ó ń bani lẹ́rù, mo mọ̀. Ọmọ tèmi náà ṣe é ní ọmọ ọdún méjì, gbogbo ohun tí mo kọ́ sì fò lórí mi fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n tí kò bá tó ìṣẹ́jú 15, tó mú gbogbo ara, tí kò sì tún padà láàárín wákàtí 24, kì í pa ọpọlọ lára. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ní wárápá láéláé. Parasitámọ̀ á mú ara tù ú, kò lè ní kí gìrì má wá. Bí bíréèkì ọpọlọ bá ti gbó dáadáa, ó sábà máa ń parí.

Níbi tí a wà yìí, mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un. Àríwá Nàìjíríà wà lójú ọ̀nà àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun Men5CV ní gbogbo ayé, ní oṣù kẹrin 2024. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà náà lè wọ ọpọlọ. Torí náà, ẹ má ṣe dá gìrì ibà mọ̀ nílé. Ọmọ tí gìrì mú pẹ̀lú ibà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè, tàbí tí kò jí padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn gìrì, pàjáwìrì ni.

Ẹ tún ṣọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tí gìrì ibà rẹ̀ ń pẹ́, tó ń mú apá ara kan lónìí, apá kejì lóṣù tó ń bọ̀. Charlotte Dravet, dókítà ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú rẹ̀ ní 1978. Ní 2001 wọ́n rí i pé apilẹ̀ṣẹ̀ kan (ìlànà tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀) tó ń jẹ́ SCN1A ló sábà máa ń yingin, ibi tó sì ti ń ṣe bàsèjẹ́ jù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń wí pé "jókòó". Carbamazepine, oògùn wárápá tó wọ́pọ̀ ní ilé oògùn wa, a máa mú tirẹ̀ le sí i. Ìdí pàtàkì nìyí tí kò fi yẹ kí a máa ra oògùn wárápá fún ọmọ láti orí ohun tí ọmọ aládùúgbò ń lò.

Ọ̀rọ̀ apilẹ̀ṣẹ̀ yìí kan ìdílé. Tí ọmọ bá ní wárápá, mo máa ń rí ìyá ọkọ tó ń wo ìyàwó bí ẹni pé àpò rẹ̀ ló kó o wá. Yíyingin SCN1A yẹn, nínú èyí tó pọ̀ jù àwọn ọmọ tó ní in, kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá. Ara ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí atẹ́gùn kò tó nígbà ìbí, apá ìdílé wo ni ẹ fẹ́ wá tirẹ̀ sí? Wárápá kì í ràn nípa itọ́, kì í sì í ṣe ogún ìyàwó.

Tí gìrì bá mú ọmọ lójú yín, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó tẹ́jú, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ tú ohun tó fún un lọ́rùn, ẹ wo aago. Kí ṣíbí má wọ ẹnu rẹ̀, kí ìka má wọ̀ ọ́. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Àti ìtọ̀ màlúù. A kó o dání láti ilé wá sí Àbújá. Mo ṣì ń rí igo rẹ̀ nínú báàgì àwọn ìyá láti Nyanya. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, efinrin, wọ́n á dà á sí ọmọ tí kò mọ ibi tó wà lẹ́nu. Ìwádìí àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà ti fi hàn pé àpòpọ̀ yẹn ń fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀, ó sì ń tẹ èémí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọpọlọ ọmọ ọwọ́ kò ní ohun mìíràn tó tó ṣúgà àti atẹ́gùn láti fi gbé ara rẹ̀ ró lásìkò gìrì, méjèèjì la sì ń fi ọwọ́ ara wa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbé ọmọ tí kò jí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó fún un fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ da igo yẹn nù lónìí.

Àwọn dókítà ọmọdé wà ní National Hospital àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Ní Kánò, Kàdúná àti Sáríà, wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé kan bí wọ́n ṣe lè dá wárápá ọmọdé mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, torí àwọn ògbógi ọpọlọ kò kárí ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní wárápá ló lè gbé láìsí gìrì mọ́ tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ.

Ọmọ Kubwa gba prednisolone ní ọjọ́ kẹta sí ìgbà tí mo rí i. Sàláámù dáwọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rín pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì báyìí. Ó ń rìn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló lè sọ, wọ́n sì ń gbé e wá sọ́dọ̀ olùkọ́ ìsọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Màmá kò tíì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí wọ́n bá kó àwọn ìkókó jáde fún àdúrà, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á máa wo bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé orí.